Orúkọ Ìdílé Kan, Ènìyàn Púpọ̀: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lára Shevchenko

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa nínú iṣẹ́ kíkọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn ènìyàn jàǹkànjàǹkàn ní èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wa dúró lé. Nínú àwọn orúkọ ilẹ̀ òkèèrè tí mo ti bá pàdé, kò sí èyí tí ó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ tó Shevchenko, orúkọ ìdílé kan láti ilẹ̀ Ukréìn. Ohun tí mo kọ́ ni pé orúkọ ìdílé lè jẹ́ kí a mọ irú iṣẹ́ tí baba ńlá kan ṣe nígbà láéláé, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ kí a mọ ẹni tí ọmọ náà í ṣe. Ẹni tí ó bá gbé ìtàn karí orúkọ ìdílé nìkan yóò da ìtàn lágbájá mọ́ ti làkáṣègbè.

"Shvets" ni àwọn ará Ukréìn ń pe ẹni tí ń rán bàtà, "enko" tí ó parí orúkọ náà sì ń tọ́ka sí ọmọ. Ọ̀nà yìí kan náà ni wọ́n gbà ní Kovalenko, ọmọ alágbẹ̀dẹ; Tkachenko, ọmọ ahunṣọ; Kravchenko, ọmọ aránṣọ; àti Honcharenko, ọmọ amọ̀kòkò. Bí a bá gbọ́ Àyánwálé tàbí Àyántúndé nílẹ̀ wa, a mọ̀ pé ìdílé onílù ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò tìtorí rẹ̀ sọ pé ọmọ baba kan náà ni Àyán ti Ọ̀yọ́ àti Àyán ti Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ Shevchenko rí: bàtà kò ṣe é má rán níbikíbi, orúkọ náà sì hù ní abúlé púpọ̀ tí kò mọ ara wọn rí. Ẹ tún fi sọ́kàn pé orúkọ tí ó bá parí sí "enko" kì í yí padà fún obìnrin, kò dà bí èyí tí ó parí sí "skyi", tí ó máa ń di "ska" bí obìnrin bá ń jẹ́ ẹ. Orúkọ ìdílé nìkan kò lè sọ fún yín bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin.

Ẹni tí ọkàn ará Ukréìn máa ń kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ni Taras Shevchenko, akéwì àti ayàwòrán. Wọ́n bí i ní abúlé Moryntsi ní ọdún 1814, sínú ìdílé àgbẹ̀ tí kò ní òmìnira, nítorí pé olówó ilẹ̀ ni ó ni wọ́n gẹ́gẹ́ bí ó ti ni oko. Ìyá rẹ̀ kú ní ọdún 1823, baba rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1825. Ọmọ náà di ìránṣẹ́ nínú ilé olówó rẹ̀, Pavel Engelhardt, ẹni tí ó mú un dé St. Petersburg, olú ìlú Rọ́ṣíà tí ó ń ṣàkóso Ukréìn nígbà náà. Ibẹ̀ ni àwọn ayàwòrán ti rí ẹ̀bùn ọwọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí wá bí wọn yóò ṣe rà á padà. Karl Bryullov, ọ̀gá láàárín àwọn ayàwòrán ìgbà náà, ya àwòrán akéwì Zhukovsky. Wọ́n fi àwòrán náà ta lọ́tìrì láàárín àwọn ará ààfin, owó tí ó wọlé, 2,500 rúbù, ni wọ́n sì kó fún Engelhardt ní ọdún 1838. Báyìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 24 ṣe di ẹni ara rẹ̀. Kò ju ọdún méjì lọ tí ìwé ewì rẹ̀ àkọ́kọ́, *Kobzar*, fi jáde ní èdè Ukréìn, ewì mẹ́jọ péré ni ó sì wà nínú rẹ̀.

Ní ọdún 1847 wọ́n mú un, nítorí ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀ kan tí wọ́n ká a mọ́ àti nítorí àwọn ewì tí ó fi bu ọba. Wọ́n sọ ọ́ di sójà lásán, wọ́n sì lé e lọ sí apá Orenburg, níbi tí ó jìnnà réré sí ilé. Ọba Rọ́ṣíà, Nicholas Kìíní, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí i pé kò gbọdọ̀ kọ̀wé, kò sì gbọdọ̀ yàwòrán. Kí ni ọkùnrin yìí ṣe? Ó gé bébà wẹ́wẹ́, ó rán an pọ̀ di ìwé kékeré, ó kọ ewì rẹ̀ sínú wọn, ó sì ń fi wọ́n pamọ́ sínú ẹsẹ̀ bàtà gígùn tí ó ń wọ̀. Nígbàkígbà tí mo bá dé ibi yìí nínú ìtàn rẹ̀, mo máa ń dúró díẹ̀: ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ọmọ aránbàtà, inú bàtà ni ó gba ewì rẹ̀ là. Ọdún mẹ́wàá ni ìyà náà gbà. Ní 10 oṣù Kẹta ọdún 1861 ni ó kú, nígbà tí ó ku ọjọ́ méje kí wọ́n kéde ní St. Petersburg pé àwọn àgbẹ̀ bíi ti ìdílé rẹ̀ ti di òmìnira. St. Petersburg ni wọ́n kọ́kọ́ sin ín sí. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sí orí òkè kan ní Kaniv, létí odò Dnipro, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di òní.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí ó yẹ kí àwa aláwọ̀ dúdú mọ̀. Ní ọdún 1858, Ira Aldridge, òṣèré aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní New York ní ọdún 1807, wá ṣeré ní St. Petersburg. Òun àti Taras di ọ̀rẹ́ kòríkòsùn, bí wọn kò tilẹ̀ gbọ́ èdè ara wọn. Fyodor Tolstoy jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àwòrán ibẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ ni ó sì ń ṣe ògbufọ̀ fún wọn. Taras ya àwòrán Aldridge, àwòrán náà sì wà títí di òní. Bí ẹ bá ń kọ nípa Taras, ẹ má ṣe fo èyí.

Ipò Taras ga débi pé wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe yunifásítì ńlá tí ó wà ní Kyiv àti ẹ̀bùn ìwé kíkọ tí ó lọ́lá jù lọ ní Ukréìn. Láti ọdún 1964 títí di 1991, ìlú Aktau ní Kazakhstan pàápàá ń jẹ́ Shevchenko. Bí ìwé àsìkò yẹn bá sọ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ "ní Shevchenko", ẹ mọ̀ pé ìlú ni.

Ẹni tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù nílẹ̀ wa mọ̀ ni Andriy Shevchenko, ẹni tí wọ́n bí ní ọdún 1976 ní abúlé Dvirkivshchyna, tí wọ́n sì kó kúrò nílé pẹ̀lú àwọn ọmọdé yòókù nígbà tí ilé iṣẹ́ iná Chernobyl bú gbàmù ní ọdún 1986. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1997 ó gbá bọ́ọ̀lù mẹ́ta wọ ilé Barcelona ní pápá wọn, kí wọ́n tó lọ sinmi ìdajì. Ó gbá 175 sílé fún Milan. Òun ni ó gbá gbé-e-sílẹ̀-gbá-a-sílé tí ó gba ife Champions League fún wọn lọ́wọ́ Juventus ní ọdún 2003, ó sì gba Ballon d'Or ní ọdún 2004. Òun àti akéwì kì í ṣe ọmọ ìyá, kò sì sí ìdí tí ẹ ó fi máa kọ ọ́ bí ẹni pé ìdílé kan ni wọ́n.

Orúkọ baba ni ó máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ará Ukréìn máa ń fi orúkọ baba rẹ̀ sí àárín: Taras Hryhorovych, nítorí Hryhoriy ni baba rẹ̀ ń jẹ́, Andriy Mykolayovych, ọmọ Mykola. Síbẹ̀, ẹ má ṣe fi ọkàn tán èyí náà. Arkady Shevchenko, aṣojú ìjọba Soviet tí ó di ọ̀kan lára àwọn igbákejì akọ̀wé àgbà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tí ó sì sá sọ́dọ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1978, ọmọ Nikolai ni, bí àwọn ará Rọ́ṣíà ṣe ń pe Mykola nìyẹn. Ọdún àti ibi tí wọ́n ti bí wọn ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀ pátápátá: Horlivka, 1930, ni ti Arkady.

Èyí tí ó le jù ni ti àwọn Valentina. Valentyna Shevchenko kan ni olórí ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà Ukréìn láti 1985 títí di 1990. Òmíràn, tí wọ́n bí ní ọdún 1975, sáré ìje lórí yìnyín fún Ukréìn nígbà kan rí. Ẹ̀kẹta, Valentina tí wọ́n bí ní ọdún 1988 ní ìlú tí a ń pè ní Bishkek lónìí, ní Kyrgyzstan, ni oníjà nínú ìdíje ìjà tí wọ́n ń pè ní UFC, tí ó kọ́kọ́ gba àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2018; ó tún jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Peru. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí kọ nípa ọ̀kan nínú wọn, ẹ kọ ọdún ìbí rẹ̀ sínú gbólóhùn àkọ́kọ́.

Nínú wíwá ìwé, ẹ rántí pé àwọn ará Jámánì ń kọ Schewtschenko, àwọn Faransé ń kọ Chevtchenko, àwọn ará Pólándì sì ń kọ Szewczenko. Bí ó bá kan kíkọ, ọ̀nà tí ẹni náà fi ń kọ orúkọ ara rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé: Andriy ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ Andrei. Ní ti ọjọ́ ayé àtijọ́, kàlẹ́ńdà méjì ni ẹ ó bá pàdé, èyí tí Rọ́ṣíà ń lò nígbà náà sì fi ọjọ́ méjìlá wà lẹ́yìn tiwa ní àsìkò Taras. Ìdí nìyí tí ìwé kan fi sọ pé 25 oṣù Kejì ni wọ́n bí i, tí òmíràn sì sọ pé 9 oṣù Kẹta ni. Ọjọ́ kan náà ni méjèèjì; 9 oṣù Kẹta ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì fi ọjọ́ àtijọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.