Ẹ Bá Mi Gbé Ọlọ́run Ga: Ọgbẹ́ Àtàǹpàkò Tó Fẹ́ Gba Ẹ̀mí Mi

Ẹ̀yin ará àti ọ̀rẹ́, ẹ̀yin tí a jọ ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní agbègbè Òkè-Arò, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ gbààwẹ̀ nítorí mi nígbà tí n kò mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ mi, ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga. Bí kì í bá ṣe àánú rẹ̀ ni, aṣọ ọpẹ́ tí ìyàwó mi ń rán lọ́wọ́ yìí, aṣọ ọ̀fọ̀ ni ì bá jẹ́.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá ni mo pa ẹlẹ́dẹ̀ kan fún ìnáwó ìgbéyàwó. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ó jẹun ní àárọ̀ ọjọ́ náà, n kò sì rí ohunkóhun tó lè kọ mí lóminú. Níbi tí mo ti ń gé orí rẹ̀ ni ọ̀bẹ ti yọ̀, tó sì gé mi ní àtàǹpàkò òsì. Ọgbẹ́ náà kò ju ìbú èékánná lọ. Mo fi àkísà dì í, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ láìwọ ìbọ̀wọ́, bí mo ti ń ṣe láti ọdún 17 tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, òtútù ń mú mi nínú oòrùn ọ̀sán, orí sì ń fọ́ mi bí ẹni pé wọ́n ń gún iyán nínú rẹ̀. Ilé ìwòsàn tí mo kọ́kọ́ lọ ní ibà ni, wọ́n fún mi lóògùn láìyẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Ní alẹ́ Ọjọ́rú, ọrùn mi ti le débi pé n kò lè tẹ orí ba wo àyà ara mi. Ohun tí mo rántí kẹ́yìn ni Ìyá Ìbejì, ìyàwó mi, tó dúró níwájú mi: mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń ṣí tó ń pa dé, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohùn kankan.

Òun ló sọ ìyókù fún mi. Ní ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n sáré gbé mi lọ, ohun tí mo jẹ ni gbogbo wọn ń béèrè, àfi dókítà kan, ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò ju ọmọ mi lọ, tó gbé ọwọ́ òsì mi sókè, tó tú àkísà náà, tó ní, "Mọ́mì, iṣẹ́ wo ni Dádì ń ṣe?" Ìbéèrè yẹn ni Ọlọ́run fi dá ẹ̀mí mi sí. Wọ́n fa omi láti eegun ẹ̀yìn mi. Ó yẹ kó mọ́ gaara bí omi òjò, ṣùgbọ́n tèmi rú bí omi ògì. Kí èsì àyẹ̀wò tó dé ni dókítà yìí ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́. Ọjọ́ kẹta ni orúkọ kòkòrò náà jáde: Streptococcus suis, bakitéríà tó ń gbé imú àti ọ̀fun ẹlẹ́dẹ̀ tí ara rẹ̀ dá, tó ń gba ojú ọgbẹ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń pa á, tó sì ń mú kí awọ tó bo ọpọlọ wú. Àrùn yírùnyírùn ni.

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà (African swine fever), àìsàn tó kó ẹran wa lọ ní ọdún 2020; ìyẹn kì í ran ènìyàn. Kì í sì í ṣe ọwọ́ aráyé. Ní Sichuan, ní ilẹ̀ Ṣáínà, ènìyàn 215 ni kòkòrò yìí mú ní ọdún 2005, 38 sì kú. Ní àríwá Tógò, nítòsí wa níbí, wọ́n rí i lára ènìyàn 15 láàárín ọdún 2010 sí 2014. Nígbà tí mo gbọ́ iye yìí, mo sunkún ọpẹ́.

Ọjọ́ 14 ni mo fi gba abẹ́rẹ́. Fún oṣù méjì ni mo ń di ògiri mú rìn, etí ọ̀tún mi kò sì tíì gbọ́ràn títí di òní. Ṣùgbọ́n mo wà láàyè! Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi bọ́ ẹran mi fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ẹ kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìyàwó mi. Ọlọ́run á san án fún yín. Ìbọ̀wọ́ ti wà lára ìlẹ̀kùn ọgbà wa báyìí, ọmọ iṣẹ́ mi kì í sì í fọwọ́ kan ọ̀bẹ láìwọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ìdúpẹ́ wa. Apá ọ̀tún ṣọ́ọ̀ṣì ni màá jókòó sí, kí etí òsì mi lè kọjú sí àwọn akọrin.