Yog-Sothoth: ẹnu-ọ̀nà tó mọ ohun gbogbo

Ẹ má pe Yog-Sothoth ní òrìṣà. Òrìṣà ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ó ń gba ẹbọ, a sì mọ èèwọ̀ rẹ̀. Èyí tí H. P. Lovecraft ará Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ nínú ìtàn rẹ̀ kò bá ọmọ aráyé dá májẹ̀mú kankan. Ìdí tó fi mọ ohun gbogbo ni pé kò síbi tí kò sí, kò sì sígbà tí kò sí. Àná, òní, ọ̀la, ọ̀kan náà ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Òun ni ẹnu-ọ̀nà, òun ni kọ́kọ́rọ́, òun náà ni ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ irú ẹ̀dá báyìí, kó fara balẹ̀ ka The Dunwich Horror, tó jáde nínú ìwé ìròyìn Weird Tales lóṣù kẹrin ọdún 1929. Yog-Sothoth fúnra rẹ̀ kò yọjú níbẹ̀ rárá. Ipasẹ̀ rẹ̀ là ń rí. Bàbá àgbà Whateley ń fi owó wúrà àtijọ́ ra màlúù lemọ́lemọ́, síbẹ̀ àwọn tó ń yọjú wo agbo rẹ̀ kì í kà ju 10 tàbí 12 lọ, gbogbo wọn á sì rí bí ẹran tí kò lẹ́jẹ̀ lára. Ó ń wó ògiri yàrá òkè ilé. Òórùn burúkú ń jáde. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé. Kò sí ohun tó bani lẹ́rù tó iye màlúù yẹn.

Ṣùgbọ́n orí ìwé ni ọgbọ́n ìtàn náà dá lé. Wilbur, ọmọ tí ọmọbìnrin Whateley bí fún Yog-Sothoth, ní Necronomicon, ìwé awo àròsọ, tí John Dee túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ ìwé náà kò pé: ohun tó ń wá yẹ kó wà lójú ìwé 751. Ó gba yunifásítì Miskatonic lọ ní Arkham, níbi tí ẹ̀dà mìíràn wà. Henry Armitage tó ń bójú tó ilé ìkàwé kọ̀, kò yá a. Wilbur padà lóru láti jí i, ajá tó ń ṣọ́ ọgbà sì pa á. Baba mọ ohun gbogbo, ọmọ kú nítorí ojú ìwé kan! Bí ẹ̀dá kan bá mọ ohun gbogbo nínú ìtàn yín, ẹ fi àìmọ̀ sọ́dọ̀ àwọn tó ń wá a. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìtàn ò ní rí ẹsẹ̀ rìn.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni kí ẹ̀dá náà máa sọ̀rọ̀. Lovecraft alára ṣe é pẹ̀lú E. Hoffmann Price nínú Through the Gates of the Silver Key, 1934. Àlàyé tí Randolph Carter, akọni ìtàn náà, gbọ́ níbẹ̀ dára gan-an: bí a bá gé kóónù, bí ọ̀bẹ bá ṣe dagẹ̀rẹ̀ sí ló ń sọ bóyá ojú ibẹ̀ á rí róbótó tàbí á fà gùn, kóónù fúnra rẹ̀ kò sì yí padà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ṣe jẹ́ ojú ibi tí a ti gé ohun tó jù ú lọ. Àmọ́ ẹni tó ń ṣàlàyé ti di tíṣà, ẹ̀rù ti tán.

Ẹ fi wé òkè Sentinel Hill nínú The Dunwich Horror. Armitage àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ ìfínkòkòrò gùn ún, wọ́n fín ìyẹ̀fun sí ìbejì Wilbur tí ojú kò lè rí, ó sì hàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹni bí ni là á jọ: ìbejì yìí ló jọ baba ju Wilbur lọ. Igbe tó ké kẹ́yìn, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó ń pe baba rẹ̀ lórúkọ pé kó gba òun.