Ohun tí mo kọ́ lára Rábì Joachim Prinz nípa sísọ̀rọ̀ nítorí aládùúgbò

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ṣe olórí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ìjọ tàbí àsàlátù ní òkè òkun yóò mọ ìbéèrè kan tí ó máa ń dá ìpàdé rú: bí ìyà bá ń jẹ àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n wà nítòsí wa, ṣé ó kàn wá? Mo ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ní ìpínlẹ̀ New Jersey fún ìgbà pípẹ́, mo sì ti rí àwọn àgbà tí wọn kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni nílé tí wọ́n ń sọ pé àlejò ni wá, kí á má lọ fi ẹnu wa pe ẹni tí yóò wá béèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ wa. Lára rábì Júù kan tí ó kú ní 1988, kí n tó dé Amẹ́ríkà rárá, ni mo ti kọ́ bí mo ṣe ń dáhùn ìbéèrè yẹn. Joachim Prinz ni orúkọ rẹ̀.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni ó jẹ́ kí n gbọ́ nípa rẹ̀. Màmá kan tí mo tọ́jú ní Livingston ti wà nínú ìjọ Prinz láti kékeré, bí ó bá sì ti tan àbẹ́là ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí Ọjọ́ Ìsinmi wọn wọlé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìgbà tí kì í dárúkọ ọkùnrin náà, bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n kan tí ó le ṣùgbọ́n tí kì í purọ́. Èyí tí kò lè rántí, mo lọ kà á fúnra mi ní ilé ìkàwé.

Ní 1902 ni wọ́n bí Prinz ní abúlé kan ní Upper Silesia, tí ó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà, tí ó sì ti di ara Pólàǹdì lónìí. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún tí òkìkí rẹ̀ ti kàn ní Berlin gẹ́gẹ́ bí rábì ẹ̀ka tí ó gbà pé ẹ̀sìn Júù lè bá ìgbà mu láìsọ ìpìlẹ̀ rẹ̀ nù. Nígbà tí Hitler gba ìjọba ní 1933, ọ̀pọ̀ Júù ibẹ̀ rò pé ìjì náà yóò kọjá, nítorí wọ́n ka ara wọn sí ọmọ Jámánì pátápátá, àwọn mìíràn nínú wọn sì ti ja ogun 1914 sí 1918 fún orílẹ̀-èdè náà. Prinz sọ fún wọn láti orí àga ìwàásù pé ẹni tí ó bá lè jáde kí ó jáde, bẹ́ẹ̀ sì ni ó mọ̀ pé àwọn ọlọ́pàá inú tí wọ́n ń pè ní Gestapo ń tẹ́tí sí i. Wọ́n mú un ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọ́n sì lé e kúrò nílùú ní 1937. Níbi ìpàdé ìdágbére rẹ̀, Adolf Eichmann wà láàárín èrò gẹ́gẹ́ bí amí, ẹni tí ó wá di ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ṣètò pípa àwọn Júù Yúróòpù. Mo máa ń ronú nípa èyí nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé òun kò lè sọ̀rọ̀ nítorí pé kò mọ ẹni tí ó jókòó nínú gbọ̀ngàn.

Rábì Stephen Wise ti New York wà lára àwọn tí wọ́n ràn án lọ́wọ́ láti dé Amẹ́ríkà, nígbà tí ó sì di 1939, ó di rábì ìjọ B'nai Abraham ní Newark, ìlú ńlá kan ní New Jersey níbí. Ibẹ̀ ni ó ti rí i pé ìyà tí òun sá fún ní Berlin ní ìbátan ní ilẹ̀ tí òun sá sí, àwọn aláwọ̀ dúdú ni ó sì ń jẹ.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Ògún, 1963, nígbà tí nǹkan bí 250,000 ènìyàn péjọ sí Washington fún ìwọ́de ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí Mahalia Jackson kọrin, Martin Luther King sì ni ó tẹ̀ lé e. Prinz ní nígbà tí òun jẹ́ rábì ní Berlin lábẹ́ Hitler, ohun tí òun kọ́ jù lọ ni pé ìkórìíra kọ́ ni ìṣòro tí ó burú jù, bí kò ṣe dídákẹ́. Ó ní orílẹ̀-èdè ńlá kan ti di ti àwọn tí ń wòran. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyèsí ni bí ọ̀rọ̀ náà ti kúrú tó. Ẹni tí ojú rẹ̀ rí tó báyìí lè fi odindi wákàtí kan sọ ìtàn ara rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò dá a lẹ́kun, ṣùgbọ́n ó fi ìtàn náà ṣí ilẹ̀kùn, ó sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí aládùúgbò rẹ̀ lè wọlé. Àwa kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá dìde láti sọ̀rọ̀ nítorí àwọn ará Haiti, ti ìyà tí àwa jẹ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìgbélùú ni a ó fi bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni a ó sì parí sí. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ sọ ti yín ní gbólóhùn méjì, kí ẹ sì fi ìyókù àkókò náà fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn.

Ọ̀rọ̀ Prinz kì bá sì wúwo bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣáájú ẹnu rẹ̀. Ó ti jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ American Jewish Congress láti 1958, ó sì wà lára àwọn mẹ́wàá tí wọ́n jẹ́ alága ìwọ́de náà. Ní 1960, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ní ìhà gúúsù ń jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ ní ilé ìtajà Woolworth, tí àwọn tí ó ni ín kò sì fẹ́ ta oúnjẹ fún wọn níbẹ̀, Prinz náà gbé pátákó, ó ń wọ́de níwájú ẹ̀ka ilé ìtajà yẹn ní New York.

Èyí ni mo rántí nígbà tí àwọn Mùsùlùmí kan láti Guinea àti Senegal fẹ́ sọ ilé kan di mọ́sálásí ní ìlú kékeré kan nítòsí wa, tí àwọn ará àdúgbò sì fi ọ̀rọ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí bo ohun tí ń bí wọn nínú. Ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé wa. Bàbá kan ní kí á fi ọlọ́rọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyá Ẹgbẹ́ dá a lóhùn pé, “Bàbá, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀hùrù rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru.” Ẹ̀rín sọ, àríyànjiyàn sì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ wọ́n pé kí á má tíì kọ lẹ́tà kankan. A kò mọ̀ wọ́n ju kí á kí wọn ní ọjà lọ, ẹni tí a kò mọ̀ kò sì ní mọ ohun tí a wá ṣe. A kọ́kọ́ lọ bá wọn ṣínu nínú oṣù Ramadan, a bi wọ́n bóyá wọ́n tilẹ̀ fẹ́ kí á bá wọn dá sí i, wọ́n sì sọ ohun tí a kò gbọ́dọ̀ sọ níwájú ìgbìmọ̀ ìlú. Alága wa, tí ó jẹ́ díákónì, ni ó sọ̀rọ̀ fún wa níbi ìgbẹ́jọ́. Kò pẹ́ tí ó fi jókòó. Wọ́n sún ẹjọ́ náà síwájú léraléra kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, a sì ń lọ jókòó lẹ́yìn wọn nígbà gbogbo, àní nígbà tí kò sí àyè fún wa láti sọ̀rọ̀. Ìjókòó yẹn ni wọ́n rántí jù.

Apá kan wà nínú ìtàn Prinz tí àwọn tí ń yìn ín kì í dúró lé lórí. Ní oṣù Agẹmọ 1967 rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Newark, ènìyàn 26 sì kú. Àwọn Júù ìlú náà ti ń kó lọ sí ẹ̀yìn odi ṣáájú, lẹ́yìn náà ìlọ wọn yára sí i, nígbà tí ó sì di 1973, ìjọ B'nai Abraham fúnra rẹ̀ kó lọ sí Livingston, ilé ńlá wọn ní òpópónà Clinton sì di ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ dúdú. Prinz bá ìjọ rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo bi Màmá léèrè, ó ní ẹ̀rù bà wọ́n, àti pé wọ́n fẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tí ó dára fún àwọn ọmọ. N kò rí ohun tí mo lè fi dá a lẹ́bi, nítorí ìdí kan náà ni àwọn ènìyàn wa fi ń kúrò ní Newark àti Irvington bí owó bá ti ń wọlé. N kò gbà pé kíkó náà sọ ọ̀rọ̀ 1963 di irọ́, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n mọ̀ pé ó ṣòro láti jẹ́ aládùúgbò ẹni tí a kì í pàdé.

Ní báyìí, ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wa fẹ́ kí á gbé ìpàdé kúrò ní Irvington lọ sí ibi tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbé. Mo ti kọ èrò tèmi sínú ìwé fún ìgbìmọ̀: kí á yá gbọ̀ngàn tí ó bá wù wá fún àríyá, ṣùgbọ́n kí ìpàdé oṣooṣù dúró síbi tí ó wà, kí á sì máa pe àwọn ará Haiti tí wọ́n ń lo gbọ̀ngàn kan náà ní ọjọ́ Àìkú wá jókòó tì wá bí a bá fẹ́ jíròrò ọ̀rọ̀ àdúgbò.