Ọdún tí mo kọ́ èdè Faransé láti inú ìkòkò ọbẹ̀

Yàtọ̀ sí iṣẹ́ àti ìtọ́jú ilé, ohun tí mo fọwọ́ gidi mú lọ́dún yìí ni èdè Faransé, pàápàá ọ̀rọ̀ oúnjẹ: orúkọ èlò ọbẹ̀, orúkọ ohun tí a sè, àti ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ nídìí tábìlì. Oúnjẹ ni mo ń tà ní Àgbádárìgì, mo sì ń gba iṣẹ́ àsè. Ẹni tó bá mọ apá ọ̀dọ̀ wa mọ̀ pé ibodè Sẹ̀mẹ̀ kò jìnnà sí wa. Àwọn ẹbí tó wà níhìn-ín àti àwọn tó wà ní Àjàṣẹ́ lórílẹ̀-èdè Benin, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ń fẹ́ra wọn, wọ́n sì ń bá ara wọn sin òkú. Ní Àjàṣẹ́, Yorùbá àti Ègùn ti tó láti fi nájà. Àmọ́ bí àlejò bá wà níbi àsè tí kò gbọ́ ọ̀kan nínú méjèèjì, tàbí tí ọ̀rọ̀ bá di ti ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń kọ gbogbo nǹkan sórí ìwé, Faransé ló máa ń kù. Mo fẹ́ máa fi ẹnu ara mi sọ ohun tó wà nínú ìkòkò mi fún irú àlejò bẹ́ẹ̀.

Ìwé tí mo kọ́kọ́ rà fi croissant (irú búrẹ́dì kan), fromage (wàràkàṣì), jambon (ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀) àti confiture (èso tí wọ́n fi ṣúgà sè) bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ gidi ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tó ń wọ ilé ìdáná mi, ọ̀rọ̀ tí èèyàn kì í lò kì í sì í pẹ́ lágbárí. Mo gbé ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè orúkọ ohun tí mo ń sè lójoojúmọ́. Ọmọbìnrin kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Abúlé Èdè Faransé tó wà ní Àjárá, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Faransé láti yunifásítì wa gbogbo, ni olùkọ́ mi àkọ́kọ́. Èkejì ni ìyá alákàn kan lọ́jà Ouando ní Àjàṣẹ́. Ọmọ yẹn mọ gírámà, ìyá yẹn mọ ọbẹ̀.

Láàárín àwọn méjèèjì ni mo ti mọ̀ pé iyán ni igname pilée, pé àmàlà ni pâte noire, pé ilá ni gombo. Ní Benin, crincrin ni wọ́n ń pe ewédú. Wàrà àwọn Fúlàní ni fromage peulh. Ọ̀yà ni agouti. Epo pupa ni huile rouge, òróró ẹ̀pà ni huile d'arachide. Akassa ni ẹ̀kọ tí wọ́n pọ́n sínú ewé, bouillie ni ẹ̀kọ mímu. Búkà sì ni maquis. Púpọ̀ nínú wọn kò sí nínú ìwé tí mo rà yẹn, bẹ́ẹ̀ Faransé ni wọ́n, àwọn èèyàn sì ń fi wọ́n jẹun láràárọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ìkòkò yín. Kàkà kí ẹ há orúkọ wàràkàṣì ogún tí ẹ kò tíì tọ́ wò rí, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń pe àlùbọ́sà, ata, iyọ̀, ẹja àti ẹran: oignon, piment, sel, poisson, viande.

Pâte rouge tilẹ̀ wà tí kò sí lọ́dọ̀ wa, amiwo ni orúkọ rẹ̀ míì. Wọ́n á bọ adìyẹ, wọ́n á fi omi rẹ̀ se tòmátì àti àlùbọ́sà tí wọ́n ti lọ̀ tí wọ́n sì ti fi òróró dín, wọ́n á wá da ìyẹ̀fun àgbàdo sí i, wọ́n á máa rò ó títí á fi ki, tí gbogbo rẹ̀ á pupa. Adìyẹ yẹn náà ni wọ́n á dín tí wọ́n á gbé lé e lórí. Mo kọ́ ọ nílé ìyá alákàn, ibẹ̀ sì ni bouillir (bọ̀), frire (dín) àti remuer (rò) ti wọ̀ mí lára, nítorí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń ṣe é ni ẹnu rẹ̀ ń pè é.

Ohun tó gba àkókò mi jù ni àwọn ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tó ń ṣáájú oúnjẹ. Àwa á ní a fẹ́ ìrẹsì, ó tán. Ní Faransé, du riz ni, de la viande ni, de l'eau (omi) ni, des haricots (ẹ̀wà) ni. Gbogbo oúnjẹ ló jẹ́ yálà akọ tàbí abo: akọ ni manioc (ẹ̀gẹ́), abo ni igname (iṣu), kò sì sí bí èèyàn ṣe lè fi ojú wò ó kó mọ̀. Un poisson ni odidi ẹja kan, du poisson ni ẹja tí wọ́n bù fún ọ nínú èyí tó wà. Tí ẹ bá sì ní ẹ ò fẹ́, du àti de la á di de: pas de piment. Bí ẹ bá ti ń ka iye sí i náà, de ni: un kilo de riz, un bol de bouillie. Ọgbọ́n tí mo rí dá sí i ni pé kò sí orúkọ oúnjẹ kan tó dá dúró nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, pẹ̀lú un (ti akọ) tàbí une (ti abo) rẹ̀ ni mo fi ń kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ń pè é sókè bí mo bá ń gé ẹ̀fọ́.

Ahọ́n wa ní àǹfààní tirẹ̀. Ìró imú tó wà nínú pain (búrẹ́dì) àti jambon kò le fún ẹni tó ń sọ Yorùbá, a ń sọ irú rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. P tiwọn ni kò rí bíi tiwa, ètè nìkan ló ń sọ ọ́. U inú du gba pé kí èèyàn ká ẹnu bí ẹni tó fẹ́ súfèé, kó wá máa pe i. Z náà kò sí lọ́dọ̀ wa, èyí sì ṣe pàtàkì nídìí oúnjẹ, nítorí poisson ni ẹja, poison, tí s rẹ̀ ń dún bíi z, sì ni májèlé. Œuf, ẹyin kan, à ń gbọ́ f rẹ̀. Tó bá di méjì, deux œufs, f yẹn kì í dún mọ́.

Lóṣù kọkànlá, a se oúnjẹ ìgbéyàwó kan ní Àjàṣẹ́. Bàbá àgbàlagbà kan tó ti Kútọnu wá jókòó nítòsí ibi tí a ti ń bu oúnjẹ. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní, “Bonne arrivée, papa. Bonne assise.” Kò sẹ́ni tí mo nílò kó túmọ̀ ìyẹn fún mi nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ: ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìjókòó. Àwọn ará Benin ti kó ìkíni ilẹ̀ wa wọnú Faransé wọn. Bàbá béèrè ohun tó wà nílẹ̀: “Qu'est-ce qu'il y a, maman?” Mo dáhùn pé, “Il y a du riz au gras, de l'igname pilée, et de la pâte noire avec du crincrin,” ìyẹn irú ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù kan, iyán, àti àmàlà pẹ̀lú ewédú. Ó ní ṣé ó ta: “C'est pimenté?” Mo ní díẹ̀ ni, àmọ́ ọbẹ̀ kan wà tí kò ní ata: “Un peu, papa. Mais il y a une sauce sans piment, si vous voulez.” Vous ni mo lò, nítorí ipò tí “ẹ” tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà wà lẹ́nu wa náà ló wà. Àmàlà ló mú, ó ní kí n fi ẹja kún un, ó jẹ ẹ́ tán, ó tún ní kí wọ́n bu díẹ̀ wá. Inú mi dùn gan-an. Láti ọdún tí mo ti ń se àsè kọjá bodè, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí èmi àti oníbàárà tó ń sọ Faransé jọ sọ̀rọ̀ láìsí ògbufọ̀ láàárín.

Owó náà ńkọ́? Sẹ́fà ni wọ́n ń ná, òǹkà rẹ̀ kì í sì í kéré. Ẹni tó gba inú Gẹ̀ẹ́sì kọ́ Faransé máa ń ráhùn pé kí ló dé tí ọgọ́rin fi jẹ́ quatre-vingts, ogún mẹ́rin. Ọmọ Yorùbá tó mọ òǹkà ilé rẹ̀ kò ní ráhùn, ogún mẹ́rin náà ni ọgọ́rin. Ìyàtọ̀ wà ní àádọ́rin: àwa á yọ ẹ̀wá nínú ọgọ́rin, àwọn á fi ẹ̀wá kún ọgọ́ta, soixante-dix.

Ti ilé oúnjẹ ní ilẹ̀ Faransé gan-an, ẹnu àbúrò mi tó ń gbé níbẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ. La carte ni ìwé orúkọ oúnjẹ. Le menu ni oúnjẹ tí wọ́n ti tò pọ̀ sí iye owó kan: entrée ló ń ṣáájú, plat tẹ̀ lé e, dessert ló gbẹ̀yìn. Bí wọ́n bá béèrè bí ẹ ṣe fẹ́ ẹran màlúù yín, ẹ sọ pé bien cuit, ìyẹn kó jinná dáadáa, nítorí saignant ṣì ní ẹ̀jẹ̀ lára. Une carafe d'eau ni omi ẹ̀rọ tí wọn kì í gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń jẹun. L'addition, s'il vous plaît, ni ẹ ó fi béèrè iye tí ẹ jẹ. Wọ́n fi ojú ńlá wo oúnjẹ wọn níbẹ̀: ní 2010 ni UNESCO kọ àsè àwọn Faransé mọ́ àjogúnbá aráyé, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ń ṣe baguette sì wọlé ní 2022. Mo máa ń rò ó pé iyán gígún náà tó bẹ́ẹ̀.

Ẹja ló kù tí mi ò tíì mọ̀ dáadáa. Mo mọ̀ pé silure ni àrọ̀, pé maquereau ni Titus, lẹ́yìn ìyẹn mo ṣì ń fi ìka tọ́ka. Bí èèyàn méjì bá sì jọ ń sọ̀rọ̀ kíákíá, ìdajì ló ń dé etí mi.

Traiteur ni wọ́n ń pe oníṣẹ́ bíi tèmi, traiteur sì gbọ́dọ̀ mọ devis kọ, ìyẹn ìwé tí a fi ń sọ iye tí àsè máa ná oníbàárà kó tó fọwọ́ sí i. Mo ní iṣẹ́ ìsọmọlórúkọ kan ní Kútọnu lóṣù kejì ọdún tó ń bọ̀. Mo fẹ́ fúnra mi kọ devis rẹ̀ láti òkè délẹ̀, kí ọmọ Àjárá kàn bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá ní àpẹẹrẹ devis àsè lọ́wọ́, pàápàá èyí tí wọ́n ti ka àwo, àga àti owó ọkọ̀ sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí oṣù kìn-ín-ní tó parí.