Bí a ṣe ń lo “ascribe” nínú gbólóhùn

Nínú àpilẹ̀kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo máa ń bá yẹ iṣẹ́ wọn wò ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń fa wàhálà ni “ascribe”, èyí tí a fi ń sọ pé ọwọ́ ẹnì kan ni nǹkan ti wá tàbí pé ohun kan ló fa òmíràn.

Ohun tí a ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ló máa ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe náà tààrà, kí “to” tó wọlé, kí orúkọ ẹni tí a gbé e fún wá kẹ́yìn. “Tradition ascribes the founding of Ibadan to Lagelu” tọ̀nà. “The founding of Ibadan is ascribed to Lagelu” náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n “Tradition ascribes Lagelu as the founder” kò tọ̀nà rárá, nítorí “regard” àti “describe” ló ń gba “as”, mo sì fura pé àwọn ni wọ́n fi ń jọ ọ́.

“Attribute” lè rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú “to” kan náà.

Ẹ kíyè sí i pé ẹni tó kọ “tradition ascribes” kò tíì fọwọ́ sí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó kàn ń sọ ohun tí ìtàn àtẹnudẹ́nu wí ni. Ọ̀rọ̀ ìwé sì ni, kì í ṣe ti ojoojúmọ́: bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mókọ́lá bá mú yín pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, “because of” ti tó.