Ilé tí Ọba Kó Kúrò Nínú Ẹ̀ ní Kánò

Ìkómọjáde ló gbé mi kúrò ní Kubwa l'Ábújá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé Sabon Gari ní Kánò ló bí ìbejì. Nígbà tílẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, tí àlejò ti túká, mo ní mi ò ní padà s'Ábújá láì fojú kan Gidan Makama. Ọkọ ẹ̀, Bọ̀dá wa tí wọ́n bí sí Kánò, tó ń sọ Haúsá bí ẹni ń mumi, ló bá mi wọ kẹ̀kẹ́ Napep, àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní Adaidaita Sahu, ó di inú ìlú àtijọ́.

Ilé Makama ni ìtumọ̀ orúkọ yẹn, oyè ńlá sì ni Makama láàfin Kánò. Láàárín 1400 sí 1500 ni wọ́n ti kọ́ ọ, ibẹ̀ ló sì jẹ́ ààfin fúngbà díẹ̀ kí Muhammadu Rumfa, tó jọba láti 1463 dé 1499, tó kọ́ Gidan Rumfa tí ọba Kánò ń gbé títí dòní. Ọba kó lọ, ilé ò kó lọ, ó wá di mùsíọ́mù oníyàrá mọ́kànlá.

Fọ́tò àtijọ́ pọ̀ níbẹ̀, ti odi ìlú, ti ìgbà táwọn òyìnbó gba Kánò ní 1903, mo wò wọ́n, àmọ́ ògiri gan-an ló mú mi. Lẹ́nu ọ̀nà ni zaure wà, yàrá tí wọ́n ti ń gbàlejò kí àlejò má baà já sọ́dọ̀ àwọn obìnrin, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tiwa gẹ́lẹ́ ló ṣe mí bíi pé mo wọ̀. Oòrùn ń ta níta bí iná, inú ibẹ̀ tutù bí ìdí àmù.

Ọkùnrin tó ń mú wa kiri gbé tubali kan lé mi lọ́wọ́. Bíríkì amọ̀ tí wọ́n fi ń mọ ògiri ni, wọ́n fi koríko pò ó, ó fẹ̀ nísàlẹ̀ ó ṣe ṣóńṣó lórí, ó sì wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Igi giginya tí ikán kì í jẹ ni wọ́n fi gbé òrùlé. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé igi tí irú wa ń so lórí ẹ̀ náà, èèpo èso ẹ̀ ni wọ́n ń rẹ sómi, omi yẹn ni wọ́n ń fi rẹ́ ògiri kí òjò má baà wọ̀ ọ́. Irú tí mo ń fi sọ́bẹ̀ látijọ́! Mo gbé ọwọ́ lé ògiri náà, mi ò tètè gbé e kúrò, torí ilé amọ̀ Bàbá àgbà ní Ìsẹ́yìn ló sọ sí mi lọ́kàn, ibi tí mo ti ń sùn lórí ẹní nígbà ọlidé, tá a fi sílẹ̀ lọ kọ́ ti búlọ́ọ̀kù.

A ò tíì dé Sabon Gari tí mo fi pe Dádì. Wọ́n ní òrùlé ilé Bàbá àgbà ti wó, ògiri iwájú ṣì dúró, pé tí mo bá fẹ́ yà á ní fọ́tò kí n tètè máa bọ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti tọrọ ọjọ́ mẹ́ta níbi iṣẹ́.