Arìnmádúró dé ilé ẹ́ńjìnnì

Gbogbo ẹni tó bá sáré nínú fíìmù yẹn ló ń kú. Apààyàn fúnra rẹ̀ kì í sáré. Ṣe ni yóò máa rìn bọ̀ jẹ́jẹ́, gbì, gbì, gbì, kóòtù dúdú lọ́rùn, fìlà ńlá lórí, bí ẹni tí ìjọba rán wá gba owó orí. Wọ́n yìnbọn fún un, ó dìde. Wọ́n tì í sódò, ó yọ lódì kejì, ó fún omi kóòtù rẹ̀ dànù. Fìlà yẹn ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ilé wó lù ú o, iná jó o o, kò ní kúrò níbẹ̀ láìkọ́kọ́ wá fìlà rẹ̀.

Eré tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ àwọn Òyìnbó ni, èyí tí kò ní àwọ̀ kankan ju dúdú àti funfun lọ. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ kò dúró lẹ́nu ẹnikẹ́ni ládùúgbò wa ní Kàbà, la bá ń pè é ní Arìnmádúró. London ni wọ́n fi ṣe ìlú inú rẹ̀, lẹ́yìn ogun kan tó ba ayé jẹ́. Ìjọba tó ṣẹ́kù pín káàdì fún gbogbo èèyàn. Bí ọjọ́ bá pé lórí káàdì rẹ, tàbí tí o bá ń ráhùn jù, Arìnmádúró ni wọn yóò rán sí ọ. Ọdún 1995 ni wọ́n ní gbogbo rẹ̀ máa ṣẹlẹ̀. Nígbà tí 1995 dé lóòótọ́, orí ìlà epo bẹntiróòlù ló bá wa.

Bọ̀ọ̀dá mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Kaduna ló gbé fídíò náà wálé nígbà Kérésì. Kàbà ṣì wà lábẹ́ Kwara nígbà náà, torí ọdún 1991 ni wọ́n tó yọ Kogi, tí a sùn ní ará Kwara tí a jí ní ará Kogi. A wo kásẹ́ẹ̀tì títí dé abala tó gbẹ̀yìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọ́ dé ẹ̀yìn Arìnmádúró, ó ṣí ọrùn rẹ̀ bí ẹni ṣí rédíò, ó rí bọ́tìnì, ó na ọwọ́. Ni àwòrán bá ṣe ṣììì, ìyàwó ojú ọ̀nà kan bá jó wọlé, wọ́n ń náwó fún un. Ẹnì kan ti fi ìgbéyàwó àbúrò ìyàwó bọ̀ọ̀dá mi ká lé ìparí fíìmù lórí. A jókòó wo ìgbéyàwó yẹn tán, à ń retí pé bóyá Arìnmádúró á yọ níbi tí wọ́n ti ń gé àkàrà òyìnbó. Kò yọ.

Fíìmù tí kò níparí yìí wá di oúnjẹ fún mi. Ìyá àgbà mi máa ń rán mi lọ lọ nǹkan nílé ẹ́ńjìnnì, bàsíà sì máa ń tò láti ẹnu ẹ̀rọ títí dé ìdí igi kajú níta. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń sọ̀tàn Arìnmádúró, àwọn ìyá á máa ti bàsíà mi síwájú díẹ̀díẹ̀ kí n má baà jókòó jìnnà sí wọn. Wọ́n kì í jẹ́ kí n sọ ọ́ já geere o. Ìyá Ẹlẹ́kọ á ní, "Ṣé kò ní ìyá tó lè bá a wí ni?" Ìyá Aláta á bèèrè ẹni tó ń bá a fọ kóòtù. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ní kó wá lọ́jọ́ ọjà, kí òun wo bó ṣe máa rìn kọjá láàárín àwọn oníṣu láìjẹ́ pé wọ́n fi ọmọlanke gbá a ní orúnkún. Ìparí ni ìyọnu. Mo ní ó já sí kànga, wọ́n ní ṣé ẹni tó jáde lódò ni kò ní jáde ní kànga. Mo ní àrá sán pa á, Ìyá Ẹlẹ́kọ pòṣé, ó ní kí wọ́n fa bàsíà mi sẹ́yìn.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ata rodo ni mo gbé wá. Ẹ́ńjìnnì dísù ni Bàbá Ẹlẹ́ńjìnnì ń lò, èyí tí wọ́n ń fi irin yí títí tó fi máa gbá, tí bẹ́líìtì gígùn sì so ó mọ́ ẹ̀rọ. Ìyẹ̀fun làfún ti bo ara ògiri, ó bo ojú ọmọ iṣẹ́ dé ìpéǹpéjú. Ìyẹ̀fun yìí náà ló ti dí agolo tó ń sẹ́ atẹ́gùn fún ẹ́ńjìnnì tẹ́lẹ̀, Bàbá bá yọ agolo náà sọnù. Ihò páìpù kan ló kù níbẹ̀ tó yanu sílẹ̀.

Mo ti dé ibi tí wọ́n ti gé gbogbo wáyà inú ọrùn Arìnmádúró. Mo ní, "Wọ́n rò pé ó ti kú." Ni ẹ́ńjìnnì bá yí ohùn padà. Ó kọ́kọ́ ń ké, ó wá ń hu, èéfín bo gbogbo ilé. Bàbá Ẹlẹ́ńjìnnì fa ọwọ́ tí wọ́n fi ń pa á, ọwọ́ náà já lé e lọ́wọ́. Ó ti ẹnu epo pa. Ẹ́ńjìnnì tún yára sí i! Bẹ́líìtì fò já, ó gba fìlà Bàbá lọ, mo sì fojú ara mi rí i tí Bàbá bẹ̀rẹ̀ láti wá fìlà. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti wà nínú oko ilá nígbà yẹn. Ẹnì kan kígbe pé, "Arìnmádúró ti dé o!" Àwọn ìyá tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Mákáníìkì ṣàlàyé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọmọ iṣẹ́ ti da ọ́ìlì kún inú ẹ́ńjìnnì ju bó ṣe yẹ lọ, ọ́ìlì wá ń gba ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, ẹ́ńjìnnì sì ń jẹ ẹ́ bí epo. Ẹ́ńjìnnì dísù kò ní púlọ́ọ̀gì tí wọ́n lè fa wáyà rẹ̀ yọ, ooru afẹ́fẹ́ tó fún pọ̀ nínú rẹ̀ ló ń ran iná sí epo. Tó bá ti ń rí ọ́ìlì jẹ, tó ń rí atẹ́gùn mí, kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú táǹkì tí ẹ tì pa.

Èmi ò lè sá. Bàsíà làfún kan ti dà lé mi lórí, ẹsẹ̀ mi ọ̀tún sì ti wọ inú agolo ńlá tí wọ́n lọ ata sí, ó há síbẹ̀ títí dé agbede ojúgun. Nínú èéfín yẹn ni mo ti gbọ́ ohùn ìyá àgbà mi. Ó ń ti oko bọ̀, ó ní kí òun yà wo ohun tó ń dá ọmọ tí òun rán níṣẹ́ láti òwúrọ̀ dúró. Ó tẹjú mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó ní, "Ṣebí mímí ló ń mí?" Ó bọ́ òṣùká lórí, aṣọ àtijọ́ tó nípọn tí ìrì oko ti rin gbindin, ó gbé e lé ẹnu ihò páìpù yẹn, ó fi ìdérí ìkòkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́. Ó gbọ̀n. Ó dákẹ́.

Ata ti ń jó mi dé itan. Mo na ọwọ́ méjèèjì síwájú torí n kò ríran, mo ń fẹsẹ̀ wọ́ agolo bọ̀ níta: gbàǹgà, gbàǹgà, gbàǹgà. Ìyá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé àgbàdo rírẹ bọ̀, tí kò mọ ohunkóhun nípa ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì, ti ń kí wa látọ̀ọ́kán pé, "Okun o, ẹ̀yin ará ibí!" Ó gbójú sókè, ó rí ohun tó funfun lókè, tó pọ́n nísàlẹ̀, tó ń rìn bọ̀ láti inú èéfín. Kò parí kíkí. Bàsíà rẹ̀ lọ sí apá kan, bàtà rẹ̀ lọ sí apá kan, òun fúnra rẹ̀ gba ọ̀nà ilé àlùfáà.

Nígbà tó padà wá pẹ̀lú àlùfáà, ó ní kí ìyá àgbà mi san owó àgbàdo òun. Ìyá àgbà mi ní ìjọba tó rán Arìnmádúró níṣẹ́ ni kó lọ bá.

Nígbà Àjíǹde, bọ̀ọ̀dá mi wá láti Kaduna, ó bá àwọn ìyá nílé ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń sọ ìparí fíìmù fún àlejò kan: ìyá àgbà kan ní London ló bọ́ òṣùká lórí tó fi dí Arìnmádúró nímú. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún.

"Ẹ̀yin màmá, kò sí ìyá àgbà kankan nínú fíìmù yẹn."

Ìyá Ẹlẹ́kọ yíjú sí i. "Ṣé ìwọ wo ìparí rẹ̀ ni?"

Bọ̀ọ̀dá mi ní òun kàn wá lọ ẹ̀gúsí ni.